Ìlà Tí Ìyá Àgbà Kì Í Kọ

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà sínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, mo sì kọ ọ́. Kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ bíbí Ìgèdè ni, pé Adó ni ó lọ́kọ sí, pé Dọ́káàsì ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, pé ó hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, pé ó fẹ́ràn orin. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n ní mo gbìyànjú. Nígbà tí mo dé ilé tí mo tún un kà, mo rí i pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí a kò lè kọ nípa ìyá àgbà mìíràn ní àdúgbò wa. Ìdí nìyí tí mo fi tún jókòó. Èmi kì í ṣe ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ìwé tí mo mọ̀, mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa ìyá tó tọ́ mi dàgbà, mo pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ohùn rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohùn dídùn. Ó nípọn, ó sì ha díẹ̀, bí ilẹ̀kùn onígi tó ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn obìnrin wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ohùn wọn mọ́ ju tirẹ̀ lọ. Bí àwọn yẹn bá ń kọrin, a ó gbádùn rẹ̀, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Bí Ìyá Àgbà bá ń kọrin, a kì í lè sọ̀rọ̀. Orin tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré, yóò kọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn tó wà nínú rẹ̀. Orin tí àwa ń sáré kọ, òun a fà á. Orin tí àwa ń fi omijé kọ, òun a fi gún iyán. Mo bi í nígbà kan pé ta ló kọ́ ọ ní irú orin kíkọ báyìí. Ó ní, “Uṣu kan náà ni gbogbo wa ní lóko. Ẹlòmíì sè é, ẹlòmíì sun ún. Ṣé uṣu kọ́ ni?”

Ìjà tó pẹ́ jù láàrin òun àti ṣọ́ọ̀ṣì, lórí orin ìkórè ni. Ní ọdọọdún, ẹgbẹ́ àwọn ìyá a máa dá orin kan kí àwọn tó gbé ẹrù wọn síwájú pẹpẹ, òun ni wọ́n sì máa ń ní kó dá a. Ọkùnrin kan wà tó ń tẹ dùùrù fún wa, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Tíṣà fẹ́ kí orin náà máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ìyá Àgbà ń kọ ọ́ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Nígbà ìdánrawò, Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù.

“Màmá, orin ayọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó yára díẹ̀.”

“Tíṣà, o ti wa uṣu rí?”

“Màmá, mi ò ní oko.”

“Mo mọ̀.”

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tíṣà, ìka lo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ni tiwa.” Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń ṣàlàyé ni. Ó ní, “Ẹni tó wa uṣu láti àárọ̀ kì í fò bó bá ń dúpẹ́.”

Àwọn Àládùúrà tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì pè é títí. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó padà dé, mo bi í bó ṣe rí. Ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan. “Ibẹ̀ dára. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí èèyàn dákẹ́.”

Dídákẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni tí mo rí lọ. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí o sọ tìrẹ tán, kì í tètè dáhùn. Yóò máa wò ọ́. Yóò pẹ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi sọ ohun tí o kò fẹ́ sọ. Obìnrin kan ní ilé kejì wá fi ẹjọ́ sùn pé àwọn kan jí adìẹ òun. Ó ro ẹjọ́ náà tán, ó dárúkọ àwọn tó fura sí. Ìyá Àgbà ń wò ó. Obìnrin náà tún un rò. Ìyá Àgbà ń wò ó. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní, “Àbí èmi ni mo gbàgbé láti dé e mọ́lẹ̀ lálẹ́ àná?” Ó dìde, ó lọ. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ mọ ẹjọ́ dá o.” Ó ní, “Mi ò sọ nǹkan kan. Òun ló rántí.”

Òun ló bí bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi tún lọ́kọ sí Ìjàn. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oko títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí Ìyá Àgbà wá mú mi wá sí Adó. Ní ọdún kejì ni ó mú mi lọ sí ilé ìwé. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fi mí sí, láàrin àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìgbànú mi lọ. Kíjìpá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni ó fi dá ṣòkòtò fún mi. Ó nípọn, ó wúwo, bí òjò bá pa á, kì í gbẹ lọ́jọ́ méjì. Àwọn ọmọ a máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn, wọn a máa kígbe pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mo sọ fún un pé n kò lọ mọ́. Kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Sọ fún wọn kí wọ́n wá hun ún. Bí apá bá ń ro wọ́n, kí wọ́n wá sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀lẹ fún mi.”

Òfì rẹ̀ fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Bó bá fa òwú kọjá tán, a mú apasà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra, a lù ú sísàlẹ̀. Nídìí òfì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin òwú lẹ́nu rẹ̀. Orin àwọn ahunṣọ ni. Ẹnì kan a bèèrè, ẹnì kan a dáhùn.

“Òwú funfun, ta ló gbìn ọ́?”

Ìdáhùn rẹ̀ ni, “Èmi kọ́, ìyá mi ni.” Lẹ́yìn náà wọ́n á tún bèèrè ẹni tó ká a, ẹni tó ran án, ẹni tó pa á láró. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, “Èmi kọ́” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà kì í dáhùn. Yóò bèèrè, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ náà yóò gùn tó ìlà orin kan. Yóò bèèrè èyí tó tẹ̀lé e. Nínú ìdákẹ́ yẹn, ìró apasà nìkan ni mò ń gbọ́, mo sì rò pé ọwọ́ ni kò jẹ́ kí ẹnu ráyè.

Ṣùgbọ́n bó ti ń kọ orin òwú ni ó ń kọ orin ìwé pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ ibi tí kò ti sí òfì. Yóò kọ ìlà kìíní, yóò fi ìlà kejì sílẹ̀, yóò kọ ìkẹta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ìjọ bá ń kọrin, ẹni tó bá jókòó tì í nìkan ni yóò mọ̀. Bí òun bá ń dá orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá, gbogbo ìjọ ni yóò mọ̀. Àwọn kan ní nítorí pé kò mọ ìwé kà ni, pé kò há orin náà sórí tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣi ìlà kejì kọ létí rẹ̀, òun ni yóò tún un ṣe fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ní ìkómọ ọmọ mi àkọ́kọ́, àwọn ìbátan wa péjọ, wọ́n ní kó kọrin. Ó bèèrè ẹni tó gbin òwú. Gbogbo ilé gbè é pẹ̀lú ayọ̀. Ó dúró. Ó wò wọ́n yíká.

“Ta ló bẹ̀ yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní, “Ìyá Àgbà, orin ni. A ó gbè é ni.”

“Èyí kì í ṣe ti gbígbè.”

“Kí la wá fẹ́ ṣe?”

“Ẹ jókòó. Ẹ ní ìdí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ tí a ń kó jáde ta jí. Ó dúró títí ẹ̀rín fi parí, ó tún bèèrè, ó dákẹ́, ó sì kọ ọ́ parí bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò gbọ́ kó lé kúrò nínú orin rẹ̀. Rúùtù ìyàwó mi ni. Aránṣọ ni Rúùtù. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ wá sílé, a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí òfì Ìyá Àgbà. Ó tó ọdún kan tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, ní ilé ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà bèèrè. Mo gbọ́ tí Rúùtù dáhùn, pẹ̀lú ohùn kékeré, “Èmi kọ́, ìyá mi ni.” Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí “Ta ló bẹ̀ ọ́?” tí gbogbo wa mọ̀. Kò wá. Ó lu apasà, ó bèèrè ẹni tó ká a, Rúùtù sì dáhùn.

Mo bi Rúùtù nígbà tó yá pé, “Kí lo fún un jẹ?”

Ó ń gé òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó ní, “Mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo kàn dúró títí ó fi kọjú sí mi.”

Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n fi jọ kọ orin náà. Nígbà tí ojú Ìyá Àgbà kò ríran rí òwú mọ́, tí a tú òfì náà sílẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ń kọjá lára wọn pẹ̀lú ìwé orin ní abíyá. Wọ́n ti fi mí ṣe olórí akọrin nígbà náà, ohùn mẹ́rin ni mo sì ń kọ́ wọn. Mo gbà pé orin gbọ́dọ̀ máa ṣàn bí odò, kí ihò má sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pè mí pé àwọn àlejò ń wá sí ìkórè, pé kò yẹ kí wọ́n gbọ́ orin tó ń já, n kò jiyàn. Wọ́n ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n sinmi. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sá ẹ̀lùbọ́.

“Ìyá Àgbà, ìgbìmọ̀ ní kí ẹ sinmi orin dídá.”

“Ìgbìmọ̀ wo? Ìwọ ò sí níbẹ̀ ni?”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Kí lo sọ?”

Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀lùbọ́ náà sórí ẹní. Ó tẹ́ ẹ títí dé etí. Ó ní, “Èmi náà máa ń dákẹ́, Samúẹ̀lì. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo ń dákẹ́ fún.”

N kò bi í pé ta ni. Mo padà lọ jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ pé Màmá ti gbà.

Rúùtù kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá ni. N kò ní kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín. A gbé e lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ọ́fíìsì mi wá, ọ̀gá wa wá láti Àkúrẹ́, akọrin wọ aṣọ funfun wọn. Mo ti yan orin mẹ́ta, mo sì ti dán wọn wò pẹ̀lú wọn, nítorí mo mọ̀ pé bí n kò bá rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn, n kò ní lè dúró.

Nígbà tí àlùfáà da iyẹ̀pẹ̀ tán, Ìyá Àgbà dìde lórí àga tí a fún un. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ lọ títí dé etí sàréè. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní,

“Òwú funfun, ta ló gbìn ọ́?”

Ó dákẹ́.

Mo mọ ìdákẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn gùn ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ lọ. Ó tẹ orí sísàlẹ̀ díẹ̀ síhà sàréè, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ ọ̀gá wa lẹ́yìn mi tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Orin wo lèyí?” Ojú tì mí. Orin iṣẹ́ ni, orin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí a ti ń sin olùgbà oúnjẹ Olúwa. Mo rò pé arúgbó náà ti gbàgbé ibi tó wà. Mo gbé ọwọ́ sókè sí àwọn akọrin mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, ohùn mẹ́rin, ó dùn gan-an. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀.

Ìyá Àgbà yí ojú padà, ó wò mí. Kò bínú. Bí o bá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, tí ọmọdé kan sáré gba àárín yín kọjá, bí èèyàn ṣe máa ń wo ọmọ náà ni ó wò mí. Kò bèèrè ẹni tó ká òwú. Ó padà lọ jókòó. Ní ọjọ́ kejì ó di ẹrù rẹ̀. Mo bi í pé níbo. Ó ní, “Mò ń lọ sí ulé wa.” Ó lo oṣù mẹ́ta ní Ìgèdè. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Nígbà tó padà dé, kò kọrin mọ́. N kò tètè fura, nítorí ilé náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí Rúùtù ti lọ. Ó pé ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ìdákẹ́ méjì ni.

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, mo ra rédíò tó ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Mo fẹ́ kí ohùn rẹ̀ kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n gbé e wá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọ orin òwú. Ó kọ orin ìkórè rẹ̀, àti orin ìwé méjì mìíràn. Ohùn náà ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òun náà ni. Níbi gbogbo tó bá ti dákẹ́, mo ń tẹ bọ́tìnnì kí kásẹ́ẹ̀tì dúró. Bó bá tún la ẹnu, mo tún ń tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ gbọ́ ìró náà.

“Kí lo ń tẹ̀ yẹn?”

“Mò ń dá a dúró ni, Ìyá Àgbà. Kí ó má baà ṣòfò.”

“Ìgbà wo lo ń dá a dúró?”

“Ìgbà tí ẹ bá ń mí.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìgbà tí mo bá ń mí,” ó ní. Ó nu ojú rẹ̀. “Ó dáa. Máa tẹ̀ ẹ́.”

Ó kú nígbà òjò tó tẹ̀lé e, ní ọ̀sán, lórí ẹní. Nínú ìsìn ìdágbére, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde. Orin òwú ń ṣàn láti ìbéèrè dé ìbéèrè, láìsí ìsinmi, ẹni tó gbìn ín, ẹni tó ká a, ẹni tó ran án. Àlùfáà mi orí. Ó ní, “Ẹ gbọ́ èémí lẹ́nu arúgbó.” Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù, fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, “Ó gbọ́ràn nígbẹ̀yìn.” Inú mi dùn. Mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú mi dùn.

Obìnrin arúgbó kan jókòó sí iwájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Ìgèdè. Màmá Ìgèdè ni àwa ọmọ ilé ń pè é. Ó fa aṣọ mi.

“Ta ló ń kọ èyí?”

“Ìyá Àgbà ni, Màmá.”

“Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ta ló ń lé e?”

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà síwájú mi, mo ń gbọ́ ọ, mo ń fi ọwọ́ dá a dúró níbi tó yẹ kó ti dákẹ́. N kò mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Mo ti gbọ́ ọ fún ogójì ọdún, n kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wọ mọ́tò ní Fájuyì, mo lọ sí Ìgèdè.

Màmá Ìgèdè jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá: kó sọ bí ìdákẹ́ náà ṣe gùn tó fún mi, kí n lè tún kásẹ́ẹ̀tì ṣe. Mo sọ ọ́ bí olórí akọrin.

“Ṣé o mọ ẹni tó ni ìdákẹ́ náà?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Àwa márùn-ún la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi. Òfì márùn-ún. Ẹnì kan á bèèrè, ẹnì kan á dáhùn. Ìlà tó o bá ń dáhùn, tìrẹ ni, bí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ. Ẹlòmíì kì í gbà á. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wa kú, a bèèrè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá mi fẹ́ gbà á, kí uṣẹ́ lè máa lọ. Ìyá àgbà rẹ ní rárá. Ó ní ẹni tó ti ń dá wa lóhùn láti kékeré, ṣé nítorí pé a ò gbọ́ ni a ó fi sọ pé kò dáhùn? A dúró fún un. Bí wọ́n ṣe ń lọ la ṣe ń dúró fún wọn.”

“Orin ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?”

“Kí ló yàtọ̀? Ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ní àwọn tó ti lọ ń kọrin lókè? Ó gbà á gbọ́ jù yín lọ ni.”

Ó ju òkúta kan síta. N kò fẹ́ bèèrè èyí tó kù, ṣùgbọ́n ó ń wò mí, kò sì sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tí òun àti Ìyá Àgbà ti jọ kọ́ ọ.

Mo ní, “Rúùtù, ìyàwó mi.”

“Òun nìkan ni ìyá àgbà rẹ fún ní ìlà láti ìgbà tó ti kúrò láàrin wa. Ó wá bá mi níbí lẹ́yìn ìsìnkú. Oṣù mẹ́ta. Ó ní òun bi ìyàwó rẹ ní ìbéèrè, òun ń dúró de èsì, o fi akọrin bò ó lẹ́nu.”

Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lójú títì.

“Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi, Màmá?”

“O bi í?”

N kò bi í. Ọdún mẹ́rin ni a fi jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjì nínú ilé, n kò bi í.

Ó gbé àtẹ ẹ̀wà náà kúrò lórí itan. “Ẹ̀rọ yẹn ò ṣe é tún ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn wà lẹ́nu rẹ. Kọ ọ́ kí n gbọ́.”

Mo ní n kì í dá kọrin. Ó ní òun kò sọ pé kí n dá a kọ.

Mo kọ ọ́. Mo bi òwú funfun léèrè ẹni tó gbìn ín, mo sì dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn ilé. Mo ń kà á nínú mi, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, bí mo ti ń kà á fún akọrin. Nígbà tó pé ẹẹ́rin, mo la ẹnu láti bèèrè ẹni tó ká a.

Màmá Ìgèdè gbé ọwọ́ sókè.

“O ti yá jù,” ó ní. “Kò tíì kọ tirẹ̀ tán.”